Omi Mọ́ Lójú, Amóníà Wà Nínú Rẹ̀

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ní ẹ̀yìn ẹsitéètì kan lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ bàtà òjò gbé ìdérí irin kúrò lẹ́nu kòtò tí omi ẹ̀gbin tí wọ́n ti wẹ̀ ń gbà jáde lọ sí kánààlì. Ó fi ife gíláàsì bu díẹ̀, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Omi náà mọ́ gaara. Kò rùn. Bí èèyàn bá gbé ìwé sí òdìkejì ife náà, yóò kà á.

Alága ẹgbẹ́ àwọn onílé, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báńkì, dúró tì í pẹ̀lú ìwé ìnáwó lọ́wọ́.

"Ṣé ìwọ náà rí i?" ni bàbá wí. "Omi yìí mọ́ ju èyí tí àwọn kan ń mu lọ ní ìlú yìí. Kí la tún fẹ́ dáwó sí?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ní sùúrù fún mi díẹ̀," ni ọmọkùnrin náà dáhùn. Ó da omi náà sínú ìgò àyẹ̀wò kékeré, ó kán oògùn sí i láti inú ike méjì, ó mì í, ó sì gbé e kalẹ̀. Àwọ̀ ìyeyè ló kọ́kọ́ yọ. Nígbà tó ṣe, ó di àwọ̀ ewé, àwọ̀ ewé náà sì ń ṣú sí i títí ó fi kọjá àwọ̀ tó kẹ́yìn lára páálí tí wọ́n fi ń wé e.

Amóníà ni. Omi tó mọ́ gaara yẹn kún fún un.

Irú àríyànjiyàn yìí kò ṣàjèjì ní àwọn ẹsitéètì, hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ ìwẹ omi ẹ̀gbin tiwọn. Ohun tí ojú ń rí ló ń kọ́kọ́ kúrò nínú omi: ìgbẹ́, ọ̀rá, èérún oúnjẹ. Amóníà kò ní àwọ̀, ó ti yọ́ mọ́ omi pátápátá, òun ló sì ń gbẹ̀yìn kúrò. Ẹni tó bá fi ojú lásán dá ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́jọ́ lè máa da májèlé sínú odò fún ọ̀pọ̀ ọdún láìmọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn onílé mọ̀ nìyí: ní ọ̀pọ̀ ìgbà tí amóníà bá kọ̀ tí kò kúrò, kì í ṣe ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Àwọn ẹ̀dá àìfojúrí tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ni a kò tọ́jú. A fi afẹ́fẹ́ dù wọ́n, tàbí a jẹ́ kí omi wọn kan, tàbí a gbá wọn dànù kí wọ́n tó bímọ. Ẹni tó bá wádìí èyí tó ṣẹlẹ̀ kí ó tó ná owó yóò ná díẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ná owó yóò ná an tì.

Ibi tí amóníà ti ń wá, ibi tó ń lọ

Inú ìtọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá. Ẹran, ẹja, ẹ̀wà, ẹyin, gbogbo wọn ló ní náítírójìn nínú, ara a sì máa tú èyí tí kò lò dànù sínú ìtọ̀ gẹ́gẹ́ bíi yúríà. Nínú páìpù àti nínú kòtò, àwọn bakitéríà á sọ yúríà náà di amóníà. Àgbàlagbà kan ń fi náítírójìn tó tó nǹkan bíi gíráàmù 10 ránṣẹ́ sínú omi ẹ̀gbin lójúmọ́. Bí ó bá ń lo omi lítà 200, mílígíráàmù 50 ni yóò wà nínú lítà kan. Bí ó bá jẹ́ lítà 100 péré ló ń lò, ó di 100. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ tí wọ́n ṣètò fún ìlú tí omi ti ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ tọ̀sán-tòru fi lè kọsẹ̀ níbi tí àwọn èèyàn ti ń ṣọ́ omi lò.

Oríṣi méjì ni amóníà nínú omi. Ọ̀kan kò fi bẹ́ẹ̀ pa ẹja lára. Èkejì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹja láti ibi tó fi ń mí. Bí omi bá ṣe gbóná sí i, tí pH rẹ̀ sì ń lọ sókè, bẹ́ẹ̀ ni oríṣi kejì yìí ń pọ̀ sí i. Ní ìwọ̀n 25°C, bí pH bá jẹ́ 7, kò tó ìdá 1 nínú 100 amóníà tó jẹ́ oríṣi burúkú náà. Bí pH bá di 8, ó di nǹkan bí 5 nínú 100. Bí ó bá di 9, ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Bẹ́ẹ̀, lọ́sàn-án gangan, ewédò inú kánààlì máa ń ti pH omi sókè. Omi tí kò pa ẹja láàárọ̀ lè pa á kí oòrùn tó rọ̀.

Àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ ní Ìkòròdú àti ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn ní èyí. Wọ́n mọ ọjọ́ tí ẹja bá ń gbé ẹnu sókè sójú omi, tí kò sì fẹ́ jẹun mọ́. "Omi lè mọ́ lójú mi," ni ìyá kan tó ń sin ẹja sọ, "n kì í gbà á gbọ́ àfi tí mo bá kán oògùn sí i."

Amóníà tí ẹ̀rọ kò bá jẹ, odò ni yóò jẹ ẹ́, ọ́síjìn odò náà ni yóò sì fi jẹ ẹ́. Mílígíráàmù náítírójìn kan tó wà nínú amóníà ń gba ọ́síjìn mílígíráàmù 4.57 kí ó tó di náítíréètì. Ẹ fi èyí wé omi ọ̀sà wa tó móoru, tí gbogbo ọ́síjìn tó lè gbà mọ́ra kò ju nǹkan bíi mílígíráàmù 7 tàbí 8 lọ nínú lítà kan. Ewéko tó léfòó tó ń bo ojú omi, tó ń dí ọkọ̀ ojú omi lọ́nà, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní omi Badagry ní 1984, náítírójìn bí irú èyí wà lára ohun tó fi ń sanra.

Ohun tí Paris rí ní 1877

Kò sí bí a ṣe lè mọ àìsàn ẹ̀rọ wọ̀nyí tí a kò bá mọ irú ẹ̀dá tó ń gbé inú wọn. Ní ọdún 1877, ní ilẹ̀ Faransé, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Théophile Schloesing àti Achille Müntz, kó yanrìn àti òkúta ẹfun sínú ọ̀pá gbọọrọ kan, wọ́n sì ń jẹ́ kí omi ẹ̀gbin máa sẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀. Bí amóníà ṣe wọlé náà ló ń jáde. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀sẹ̀ kejì kọjá. Ó tó 20 ọjọ́ kí náítíréètì tó yọjú ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá. Láti ìgbà náà ni amóníà ti ń dín kù títí tí kò fi sí mọ́.

Wọ́n wá fẹ́ èéfín kúlórófọ́ọ̀mù sínú ọ̀pá náà. Iṣẹ́ dúró. Wọ́n mú kúlórófọ́ọ̀mù kúrò, síbẹ̀ iṣẹ́ kò padà. Ìgbà tí wọ́n da omi tí wọ́n fi ṣan erùpẹ̀ sí i ló tó tún bẹ̀rẹ̀. Báyìí ni wọ́n fi hàn pé ohun ẹlẹ́mìí ló ń sọ amóníà di náítíréètì.

Gbogbo ohun tí ẹlẹ́rọ nílò láti mọ̀ lónìí ló wà nínú ọ̀pá yẹn: afẹ́fẹ́ tó gba àárín yanrìn kọjá, òkúta ẹfun tí kò jẹ́ kí omi kan, ọjọ́ gígùn tí kò ṣeé sáré gé kúrú, májèlé tó pa àwọn òṣìṣẹ́, irúgbìn tó dá wọn padà.

Ní 1890, Sergei Winogradsky, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà tó ń ṣiṣẹ́ ní Zürich nígbà náà, ló ya àwọn ẹ̀dá náà sọ́tọ̀. Ẹgbẹ́ méjì ni wọ́n. Èkíní ń sọ amóníà di náítíráìtì, èkejì ń sọ náítíráìtì di náítíréètì. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. (Ní 2015 ni ayé tó mọ̀ pé irú Nitrospira kan wà tó lè dá iṣẹ́ méjèèjì ṣe.) Ohun tó mú wọn yàtọ̀ sí àwọn bakitéríà tó ń jẹ ìgbẹ́ àti oúnjẹ ni pé agbára díẹ̀ ni wọ́n ń rí nínú amóníà. Nítorí náà, wọn kì í tètè pọ̀. Àwọn ajẹ̀gbin lè di ìlọ́po méjì láàárín wákàtí díẹ̀. Àwọn ajẹ-amóníà lè gba ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn Winogradsky, ní Manchester, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà méjì, Edward Ardern àti William Lockett, fi afẹ́fẹ́ sínú omi ẹ̀gbin nínú ìgò. Ó gbà wọ́n tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí amóníà tó di náítíréètì tán. Wọn kò da ẹrẹ̀ tó rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò nù. Omi tó tòrò lókè nìkan ni wọ́n yọ, wọ́n da omi ẹ̀gbin tuntun lé ẹrẹ̀ náà, wọ́n tún ṣe é, wọ́n tún ṣe é. Bí ẹrẹ̀ náà ṣe ń pọ̀, ìgbà tí iṣẹ́ ń gbà ń kúrú, títí ó fi di ọjọ́ kan. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin 1914, wọ́n gbé àbájáde náà síwájú àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ẹgbẹ́ wọn. Ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn ẹsitéètì Lẹ́kí, ọmọ ìgò yẹn ni. Ẹrẹ̀ aláàyè tí wọ́n kò dà nù ni gbogbo àṣírí rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo afẹ́fẹ́

Nígbà tí amóníà bá ga, afẹ́fẹ́ ni kí a kọ́kọ́ fura sí, nítorí òun ló ń wọ́n jù láti rà, òun sì ni a máa ń kọ́kọ́ fi du ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹsitéètì tí 1,000 èèyàn ń gbé yóò mú náítírójìn bíi kílò 10 wá lójúmọ́. Láti sọ gbogbo rẹ̀ di náítíréètì, ó fẹ́ ọ́síjìn tó sún mọ́ kílò 45. Ìgbẹ́ àti ìdọ̀tí yòókù tí àwọn èèyàn kan náà mú wá kò gba ọ́síjìn tó fi bẹ́ẹ̀ ju èyíinì lọ. Ìyẹn ni pé ẹni tó ra ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó mọ níwọ̀n kí omi má rùn, ìdajì iṣẹ́ ló ra.

Àwọn ajẹ̀gbin ló sì ń kọ́kọ́ jẹ. Wọ́n pọ̀, wọ́n yára, ọ́síjìn díẹ̀ sì tó wọn. Àwọn ajẹ-amóníà ń jẹ ohun tó bá ṣẹ́kù. Ìdí nìyí tí omi fi lè mọ́ gaara nígbà tí amóníà kò dín rárá. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ń lé ni ọ́síjìn mílígíráàmù 2 nínú lítà kan, nínú táǹkì fúnra rẹ̀, ní àkókò tí iṣẹ́ pọ̀ jù. Bí ó bá wà ní ìdajì mílígíráàmù, kò sí ohun tí ẹ lè rà lọ́jà tí yóò rọ́pò rẹ̀.

Níbí ni ọ̀rọ̀ iná ti wọlé. Láti oṣù Kẹrin 2024 tí owó iná àwọn oníbàárà Band A, àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù lójúmọ́, ti fò láti naira 68 sí 225 fún yúníìtì kan, kò sí ìpàdé àwọn onílé tí kò ti dá lórí ohun tí wọ́n lè pa. "Bí wọ́n bá ní kí n ṣọ́ dísù lò," ni ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sọ, "ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ni mo ń kọ́kọ́ pa. Kò sẹ́ni tó máa pè mí nítorí ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n pa pọ́ǹpù omi ilé, fóònù mi ò ní sinmi."

Mi ò dá a lẹ́bi. Ìpinnu tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ṣe ló ń mú ṣẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá di dandan kí a dín iná kù, ọ̀nà kan sàn ju èkejì lọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n pa láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di àárọ̀ ń pa àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lára. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń tàn fún wákàtí kan, tí wọ́n ń pa fún ààbọ̀ wákàtí, lọ́sàn-án àti lóru, lè má jẹ iná ju ti àkọ́kọ́ lọ púpọ̀, ó sì lè ṣiṣẹ́ dáadáa, pàápàá bí ohun kan bá wà tó ń po omi nígbà tí afẹ́fẹ́ dúró. Ìdí mìíràn wà tí èyí fi dára, a ó dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Ojú pàápàá lè ṣèrànwọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ń yọ wẹ́wẹ́ káàkiri ojú táǹkì, ó dára. Bí ó bá ń hó gùdùgùdù lójú kan, tí ìyókù dákẹ́, rọ́bà tó ń fọ́n afẹ́fẹ́ nísàlẹ̀ ti ya tàbí ti dí. Ẹ tún wo ohun tó ń wọlé. Lẹ́yìn òpin ọ̀sẹ̀ tí gbọ̀ngàn àríyá ẹsitéètì kò sinmi, òróró àti omi ọbẹ̀ tó bá wọ táǹkì lè mú kí àwọn ajẹ̀gbin gba gbogbo ọ́síjìn fún ọjọ́ méjì gbáko. Kòtò tó ń gba ọ̀rá dúró, bí wọ́n bá ń kó o déédéé, èrè rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tuntun lọ.

Omi kàǹga wa kò le

Ohun kejì ni èyí tí àwọn ìwé ẹ̀rọ tó ti òkè òkun wá kì í sábà kìlọ̀ fún wa nípa rẹ̀. Bí àwọn ajẹ-amóníà ṣe ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń sọ omi di kíkan. Náítírójìn mílígíráàmù kan ń jẹ mílígíráàmù 7.14 nínú àlíkálì omi, ìyẹn ohun tí omi fi ń dènà kíkan. Omi tó kọjá lára òkúta ẹfun ní púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi bóhòòlù Èkó àti etíkun, tó ti inú yanrìn jáde, sábà máa ń kan díẹ̀ láti ilẹ̀ wá, àlíkálì rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Nítorí náà, ẹ̀rọ náà á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, amóníà á máa bọ́ sílẹ̀, pH náà á máa bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí pH bá sọ̀kalẹ̀ kọjá 6.5, iṣẹ́ á falẹ̀. Bí ó bá sún mọ́ 6, iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Afẹ́fẹ́ pọ̀, ẹrẹ̀ pọ̀, síbẹ̀ amóníà dúró síbi kan tí kò sún. Mo rò pé àìsàn yìí pọ̀ ní agbègbè wa ju bí a ṣe ń wádìí rẹ̀ lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹlẹ́rọ ní ohun èlò pH, àwọn díẹ̀ ló ń wọn àlíkálì.

Láìmù tàbí sódà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì lè gbé e ró. Wọ́n á máa dà á díẹ̀díẹ̀, títí omi tó ń jáde yóò fi ní àlíkálì tó tó mílígíráàmù 50 sí 100 nínú lítà. Ṣùgbọ́n iye rẹ̀ á dun alága. Ọ̀nà tó mọ́gbọ́n dání jù bẹ́ẹ̀ lọ wà. Nínú 7.14 yẹn, ìdajì, ìyẹn 3.57, ti bá ìtọ̀ fúnra rẹ̀ wọlé nígbà tí yúríà di amóníà. Ìdajì kejì ń padà wá bí náítíréètì bá rí ibi tí kò sí ọ́síjìn, níbi tí àwọn bakitéríà mìíràn ti máa mí náítíréètì náà, tí wọ́n á sì tú náítírójìn sínú afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí. Ìyẹn ni ìdí tí mo fi sọ pé títàn àti pípa tó ní ètò dára. Ààbọ̀ wákàtí tí ẹ̀rọ dákẹ́ yẹn ń dá àlíkálì padà lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń dín iná kù.

"Owó ni mò ń fi sódà jù sínú omi," ni olùkọ́ yunifásítì kan tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀rọ omi ní Ìbàdàn sọ nípa ẹ̀rọ kan tí wọ́n pè é sí. "Nígbà tí a dá ẹrẹ̀ padà sí táǹkì tí kò ní afẹ́fẹ́, pH gbéra fúnra rẹ̀."

Ọjọ́ orí ẹrẹ̀

Ẹrẹ̀ inú táǹkì máa ń pọ̀ sí i, ó sì yẹ kí wọ́n máa yọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀ràn ibẹ̀ ni iye tí wọ́n ń yọ. Bí wọ́n bá ń yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá lójúmọ́, ọjọ́ orí ẹrẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 10. Nínú omi tó móoru bíi tiwa, ọjọ́ 5 tó fún àwọn ajẹ-amóníà láti bímọ kí wọ́n tó gbé wọn jáde, bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ tọ̀sán-tòru. Ní Manchester ní àkókò òtútù, wọ́n lè nílò ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta rẹ̀. Ooru wa jẹ́ ọrẹ tí a kò mọ̀ pé a ní.

Ṣùgbọ́n wákàtí tí afẹ́fẹ́ fẹ́ nìkan ni wọ́n ń kà. Ẹrẹ̀ tó pé ọjọ́ 12 nínú ẹ̀rọ tí ń rí iná fún wákàtí 8 lójúmọ́, ọjọ́ 4 péré ló ti lò nínú afẹ́fẹ́. Ó ti di ọmọ tí kò tíì tó ọjọ́ orí.

Èyí tó burú jù ni ọkọ̀ tó ń fa ẹ̀gbin. Omi á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, àwọn onílé á bínú, wọ́n á pe ọkọ̀ náà, yóò fa gbogbo ohun tó wà nínú táǹkì títí dé ìsàlẹ̀. Gbogbo ènìyàn á mí kanlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rọ tí kò ní òṣìṣẹ́ kan mọ́ ni wọ́n tàn. Ohun tí a ṣe fún sọ́kàwéè ni a ṣe fún ohun ẹlẹ́mìí. Bí wọ́n bá ti fà á tán, ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí amóníà tó tún wálẹ̀, láìka iye owó tí wọ́n bá ná sí.

Òjò oṣù Kẹfà àti Keje náà ń ṣe é. Omi òjò tó bá wọ inú ihò páìpù tí ìdérí rẹ̀ ti fọ́ máa ń ti ẹrẹ̀ jáde kúrò nínú táǹkì ìtòrò, níbi tí ẹrẹ̀ ti ń rọ̀ sísàlẹ̀, lọ sí kánààlì. Ẹ da ẹrẹ̀ inú táǹkì sínú ìgò oníwọ̀n lítà kan, ẹ jẹ́ kí ó rọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì kọ ibi tó dé sílẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ìlà náà bá ń sọ̀kalẹ̀ láti ọjọ́ dé ọjọ́, ẹrẹ̀ ń lọ níbì kan.

Májèlé

Bí afẹ́fẹ́, àlíkálì àti ẹrẹ̀ bá dára, tí amóníà sì fò sókè lójijì, ẹ béèrè ohun tí wọ́n dà sínú páìpù. Bíléèṣì àti oògùn apakòkòrò tí ilé ìwòsàn, ilé ìfọṣọ tàbí àwọn tó ń fọ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ bá dà nù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè pa àwọn ajẹ-amóníà nígbà tí àwọn ajẹ̀gbin yè é. Omi ilé iṣẹ́ tó ní bàbà, níkẹ́ẹ̀lì tàbí kúrómíọ̀mù nínú ń ṣe bákan náà.

Bí a ṣe ń ka èsì

Ẹlẹ́rọ tó gbọ́n kì í wọn amóníà nìkan. Bí amóníà bá ga, tí kò sí náítíráìtì tàbí náítíréètì, iṣẹ́ kò bẹ̀rẹ̀ rárá: àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ, tàbí kò sí afẹ́fẹ́. Bí náítíráìtì bá pọ̀, ẹgbẹ́ kìíní ti dé, ẹgbẹ́ kejì kò tíì dé. Bẹ́ẹ̀ ló ń rí nínú ẹ̀rọ tó ń gbádùn bọ̀ lẹ́yìn àìsàn, ó sì tún lè jẹ́ pé ọ́síjìn kéré. Kí ẹni tó ń fi kúlórínì pa kòkòrò ní òpin ṣọ́ra níbẹ̀, nítorí náítíráìtì ń jẹ kúlórínì lọ́pọ̀lọpọ̀. Bí náítíréètì bá pọ̀, tí amóníà sì dúró sí àárín, ẹ wo pH àti àlíkálì.

Ohun kan wà tó ń da àwọn ènìyàn láàmú. Nígbà mìíràn, ẹrẹ̀ á máa léfòó ní ìṣù-ìṣù sójú táǹkì ìtòrò, pẹ̀lú ìfófòó wẹ́wẹ́ lára rẹ̀. Àwọn onílé á rò pé ẹ̀rọ ti kú. Òdìkejì rẹ̀ ni. Amóníà ti di náítíréètì, náítíréètì sì ń di gáàsì níbi tí kò yẹ. Kí wọ́n tètè máa fa ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ padà sí táǹkì afẹ́fẹ́, yóò dáwọ́ dúró.

Àkókò tí a bu omi náà ṣe pàtàkì. Ilé púpọ̀ jí ní aago márùn-ún àárọ̀, gbogbo wọn sì ń tọ̀, wọ́n ń wẹ̀. Ẹni tó ń bu omi àyẹ̀wò ní aago méjì ọ̀sán nìkan lè má rí òkè amóníà tó kọjá láàárọ̀.

Ìyẹ̀fun tí wọ́n ń tà

Ní gbogbo ibi tí amóníà bá ti ga, ẹnìkan á dé pẹ̀lú ìyẹ̀fun nínú ike. "Bakitéríà ló wà nínú rẹ̀," ni yóò sọ, "ẹ dà á sínú, ẹ máa wò ó." Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi í léèrè bóyá ajẹ-amóníà ló wà nínú rẹ̀. Àwọn bakitéríà tó lè gbẹ di ìyẹ̀fun kí wọ́n sì yè ni àwọn tó ń di ara wọn sínú èépá líle, wọ́n sì jẹ́ ajẹ̀gbin. Àwọn ajẹ-amóníà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ìyẹ̀fun wọ̀nyí lè ran ọ̀rá lọ́wọ́ láti yọ́, kò lè ṣe iṣẹ́ amóníà.

Irúgbìn tó dájú wà nítòsí. Ẹ wá ẹ̀rọ mìíràn tí àyẹ̀wò fi hàn pé ó ń mú amóníà wálẹ̀ dáadáa, ẹ bẹ̀ wọ́n, kí ọkọ̀ tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ gbé ẹrẹ̀ aláàyè wọn wá ní ọjọ́ kan náà. Ohun tí Schloesing àti Müntz ṣe pẹ̀lú omi erùpẹ̀ nìyẹn. Kò sì dára kí a gbìn ín sí ibi tí a kò tíì tún afẹ́fẹ́ àti àlíkálì ṣe: àwọn tuntun náà á kú bí àwọn àkọ́kọ́ ṣe kú.

Ta ló ni iṣẹ́ náà

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ wọ̀nyí wà lára àwọn tí wọ́n ń sanwó fún kéré jù nínú ẹsitéètì, àwọn gan-an sì ni wọ́n dúró láàárín ìgbọ̀nsẹ̀ wa àti ọ̀sà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí ẹni kọ́ wọn ju bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ àti bí wọ́n ṣe ń pa á lọ. Ohun èlò àyẹ̀wò amóníà, náítíráìtì, náítíréètì, pH àti àlíkálì kò wọ́n tó dísù tí jẹnẹrétọ̀ ẹsitéètì ń jẹ. Bí ẹgbẹ́ àwọn onílé bá lè rà wọ́n, kí wọ́n ra ìwé àkọsílẹ̀ kan pẹ̀lú, kí wọ́n sì ya owó afẹ́fẹ́ sọ́tọ̀ kúrò nínú owó iná àdúgbò, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi ọwọ́ kàn án nítorí iná ojú títì.

Ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, bí afẹ́fẹ́ bá tó, bí omi kò bá kan, bí ẹrẹ̀ bá dàgbà tó, amóníà inú omi tó ń jáde yẹ kí ó wà lábẹ́ mílígíráàmù méjì nínú lítà. Ẹ̀yin tí ẹ ń san owó ìtọ́jú lóṣooṣù, ẹ béèrè iye tí ti ẹsitéètì yín jẹ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé omi mọ́ lójú, ẹ ní kí wọ́n kán oògùn sí i níṣojú yín.